Ìtọ́jú Síbí àti Ọ̀bẹ Fàdákà Nínú Ilé

Bí onílé kan ní Ọ̀jọ́, ní Ìbá tàbí ní Òkókómaíkò bá jogún síbí, fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ fàdákà lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀, ohun iyebíye ni ó jogún. Ṣùgbọ́n irú ogún bẹ́ẹ̀ lè bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó rò pé òun ń tọ́jú rẹ̀. Bí ó bá rí i pé ó ti dúdú, yóò bu yanrìn tàbí eérú, yóò sì máa fi kàn-ìn-kàn-ìn onírin ha á. Kì í ṣe dúdú ara rẹ̀ nìkan ni ó ń ha kúrò. Ó ń ha fàdákà pẹ̀lú.

Imí-ọjọ́ ni ó ń sọ fàdákà di dúdú. Ó wà nínú ẹyin, àlùbọ́sà àti rọ́bà, ó sì wà nínú òórùn bí ẹyin bíbàjẹ́ tí ń jáde láti inú ẹrẹ̀ àbàtà. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti ní ọ̀rinrin, bíi létí omi tí ó lọ sí Àgbádárìgì, fàdákà a máa tètè dúdú. Iyọ̀ ní tirẹ̀ a máa jẹ ẹ́ títí yóò fi dá ihò sí i lára.

Kí a kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn síbí náà. Bí a bá kọ 925 tàbí Sterling sí i, ó túmọ̀ sí pé nínú ìdá 1000, ìdá 925 jẹ́ fàdákà. Bàbà ni ó sábà máa ń jẹ́ ìyókù. Ìwọ̀n yìí kan náà ni ó wà nínú ṣílè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí a rọ ní 1913, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí fi idẹ rọ ọ́ ní 1920. Bí ó bá jẹ́ EPNS ni a kọ sí i, fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni a fi bo irin mìíràn. Bí a bá ha irú èyí, fàdákà rẹ̀ yóò bó tán.

Lẹ́yìn oúnjẹ, kí a tètè fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí a sì fi aṣọ rírọ̀ nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀.

Bí ó bá ti dúdú, kí a tẹ́ fọ́ìlì tí àwọn alásè fi ń ṣe mọ́ínmọ́ín sínú ọpọ́n oníke. Kí a to fàdákà lé e kí ó fara kàn án, kí a bu sódà àwọn oníbúrẹ́dì sí i, kí a sì da omi gbígbóná lé e. Láìpẹ́, imí-ọjọ́ yóò fi fàdákà sílẹ̀, yóò sì lọ bá fọ́ìlì. Fàdákà kò ní dínkù. Kí a ṣan án, kí a sì nù ún. A kò gbọdọ̀ rẹ ọ̀bẹ tí a fi àtè lẹ èèkù rẹ̀ sínú omi gbígbóná, nítorí èèkù náà lè yọ.

Aṣọ rírọ̀ ni kí a fi wé e pamọ́. Kí a má fi rọ́bà dì í, kí a má sì fi ìwé ìròyìn wé e. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí a máa fi í jẹun, nítorí síbí tí a ń lò tí a sì ń fọ̀ déédéé kì í tètè dúdú.