Ọkọ̀ Tí Kò Ní Búrẹ́kì: Bí Wọ́n Ṣe Ń Fi Ẹ́ńjìnnì Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Díje Lórí Omi

Ẹ́ńjìnnì ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò nínú ìdíje yìí kí wọ́n tó wo ẹni tó wà á. Èyí tí wọ́n ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ ni mò ń wí, irú èyí tó ń kó èrò kọjá ọ̀sà Èkó lójoojúmọ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe lágbára tó tàbí bí inú rẹ̀ bá ṣe fẹ̀ tó ni wọ́n fi ń pín olùdíje sí ìsọ̀rí, kí alágbára má baà fi ẹlòmíì ṣe yẹ̀yẹ́.

UIM, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1922, tó fìdí kalẹ̀ sí Monaco, ló ń ṣòfin rẹ̀ lágbàáyé. Nínú àwọn ìsọ̀rí náà, GT15 ni ti àwọn ọ̀dọ́: agbára ẹṣin 15 péré. F4 ń lo 60. Nínú O-125 àti O-250, nọ́ńbà náà ń sọ bí inú ẹ́ńjìnnì ṣe fẹ̀ tó, orí ìkúnlẹ̀ sì ni awakọ̀ máa ń wà títí eré á fi parí. Orúnkún á gbọ́!

F1 ti orí omi, tí ìdíje àgbáyé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1981, ni ọ̀gá gbogbo wọn. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó nǹkan bí agbára ẹṣin 400, ọkọ̀ náà sì ń sáré ju 200 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Kò ní búrẹ́kì, kò ní jíà. Bí awakọ̀ bá fẹ́ dẹwọ́ eré, á gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná, omi fúnra rẹ̀ ló sì máa dá a dúró. Ikùn méjì ni ọkọ̀ náà ní, afẹ́fẹ́ ń gba àárín wọn kọjá, ó ń gbé e sókè. Awakọ̀ ní bọ́tìnnì tó fi ń yí ìdúró ẹ́ńjìnnì kí imú ọkọ̀ lè gbéra, torí bí ọkọ̀ kò bá fara kan omi púpọ̀ ni eré ń pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bó bá gbéra jù, afẹ́fẹ́ á wọ abẹ́ rẹ̀, á sì dojú rẹ̀ délẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìdí nìyẹn tí àpótí líle fi yí awakọ̀ ká. Kí wọ́n tó gbà á láàyè láti díje, wọ́n á dè é mọ́ ìjókòó, wọ́n á dorí rẹ̀ kodò sínú omi, òun fúnra rẹ̀ á sì tú bẹ́líìtì kó jáde.

Ní F1, ẹ̀bá èbúté ni wọ́n ti ń gbéra. Ní Amẹ́ríkà, aago ńlá kan ló sábà máa ń darí wọn: wọ́n á ti máa sáré bọ̀, ẹni tó bá kọjá ìlà kí aago tó kan òdo á jìyà rẹ̀. Àmì tó léfòó ni wọ́n ń yí po, ọwọ́ òsì ni wọ́n sì sábà máa ń yà sí. F1 ń fún ẹni àkọ́kọ́ ní póìǹtì 20, èkejì 15, ẹ̀kẹta 12.

Bí eré bá parí, àwọn adájọ́ á wọn ọkọ̀, wọ́n sì lè tú ẹ́ńjìnnì wò. Bẹ́ ẹ bá ń wò ó, ẹ má tètè pariwo ẹni tó kọ́kọ́ dé. Ẹ dúró de àbájáde àyẹ̀wò.