Iṣan Ọwọ́ Tí Ó Já

Ẹnikẹ́ni tí ó bá dúró wo àwọn ahunṣọ Ìlọrin nídìí òfì wọn, bí ọ̀kọ̀ ti ń lọ láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì, yóò mọ̀ pé inú ìka ọwọ́ ni oúnjẹ wọn wà. Bí ọ̀bẹ bá gé irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀, ojú ọgbẹ́ náà lè kéré, kí ó sì tètè jinná, síbẹ̀ kí ìka má lè ká mọ́. Kí ni ó fa èyí?

Iṣan tí a ń wí yìí kì í ṣe èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Ó dàbí okùn funfun tí ó yi, tí ó so ẹran apá mọ́ egungun ìka. Nígbà tí ẹran apá bá súnkì, okùn náà a fa ìka, ìka a sì ká. Bí ó bá já, ẹran apá a fa ìdajì rẹ̀ sẹ́yìn, àlàfo a sì wà láàárín.

Láyé àtijọ́, àwọn ọmọ ẹ̀yìn Galen bẹ̀rù láti fi abẹ́rẹ́ kan iṣan, nítorí wọ́n rò pé gìrì yóò mú aláìsàn. Ibn Sina, oníṣègùn ilẹ̀ Páṣíà tí ó kú ní 1037, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ dámọ̀ràn pé kí a rán an. Ní 1967, Harold Kleinert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé iṣan inú ìka pàápàá ṣeé rán láìpẹ́ lẹ́yìn ìpalára, bí aláìsàn bá tètè bẹ̀rẹ̀ sí í mi ìka náà pẹ̀lú ìṣọ́ra.

Nínú ìmìkíkà yìí ni ọgbọ́n wà. Bí a bá fi ọwọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rán gbé ẹrù, iṣan a tún já. Bí a kò bá mì í rárá, a lẹ̀ mọ́ ara tí ó yí i ká, ìka a sì gan. Nítorí náà ni dókítà ṣe ń fi ohun líle ti ọwọ́ náà fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6, tí a sì ń kọ́ aláìsàn bí yóò ti máa rọra mi ìka lójoojúmọ́. Iṣẹ́ líle di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12.

Ó kan àwa olùkọ́ pẹ̀lú. Bí àdá bá gé ọmọ lọ́wọ́ lóko ilé-ìwé, kí a má ṣe wí pé ẹ̀jẹ̀ ti dá, ó tán. Lẹ́yìn tí a bá ti fọ ojú ọgbẹ́ tí a sì dì í, kí a sọ fún un pé kí ó ká ìka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó sì nà wọ́n. Bí ọ̀kan bá kọ̀, tàbí tí ó bá kú tipiri, ilé ìwòsàn ni kí a mú un lọ ní ọjọ́ náà gan-an. Dókítà yóò rán iṣan. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.