Ìṣọ́ àti Àtúnyẹ̀wò Ìlànà Ìwífún ní Yunifásítì

Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni bí yunifásítì ṣe lè mọ̀ bóyá ìlànà ìwífún rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ohun tí mo pè ní ìlànà ìwífún ni ìpinnu tí yunifásítì ṣe lórí irú àkọsílẹ̀ tí yóò máa gbà, bí yóò ṣe máa tọ́jú rẹ̀, àti ẹni tí ó láṣẹ láti lò ó.

Ọ̀rọ̀ náà kàn mí. Ní yunifásítì kan tí mo ti kẹ́kọ̀ọ́, ọ̀nà mẹ́ta ni ọ́fíìsì mẹ́ta gbà kọ orúkọ mi. Ìlànà wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń wò ó bóyá wọ́n ń tẹ̀ lé e. Kí ìwé-ẹ̀rí mi tó jáde, iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi gbà ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí á fi ilẹ̀ Bìrìtéènì ṣe àpẹẹrẹ. Ní 1993, ìgbìmọ̀ tí Brian Follett ṣe alága fún dábàá pé kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan ní ìlànà ìwífún tirẹ̀. Ní 1995, ìgbìmọ̀ JISC tẹ ìwé ìtọ́sọ́nà jáde lórí rẹ̀. Ní 1997, ìgbìmọ̀ Ron Dearing ní kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ní tiwọn nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ 1999/2000 bá fi dé. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ ìlànà tán, iṣẹ́ méjì ni ó kù, a kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀kan pe èkejì.

Èkíní ni ìṣọ́. Ìbéèrè tirẹ̀ ni pé: ǹjẹ́ à ń ṣe ohun tí a ní a óò ṣe? Ojú ni alákàn fi í ṣọ́rí. Ní sáà ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tí a yàn ka iye ọjọ́ tí èsì ìdánwò fi ń dé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́, kí ó sì ka iye orúkọ tí kò bára mu láti ọ́fíìsì sí ọ́fíìsì. Kí ó mú iye náà lọ síwájú àwọn tí ó lè pàṣẹ àtúnṣe. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kíkà lásán ni.

Èkejì ni àtúnyẹ̀wò. Èyí ń béèrè pé: ǹjẹ́ ohun tí a pinnu ṣì tọ̀nà? Yunifásítì tí ó kọ ìlànà ní 1996 lè máa tẹ̀ lé e láìyẹsẹ̀, kí ìṣọ́ má sì rí àléébù kankan. Síbẹ̀, òfin ilẹ̀ Bìrìtéènì lórí ààbò àkọsílẹ̀ ẹni yí padà. Àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà ni òfin 1984 dá lé. Ti 1998, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2000, nawọ́ dé fáìlì oníwèé tí a tò létòlétò. Àtúnyẹ̀wò nìkan ni ó lè fi irú èyí hàn wá.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Yunifásítì kì í ṣe ọmọdé. Kí ó kọ ọjọ́ tí yóò bojú wẹ̀yìn sínú ìlànà náà gan-an, kí ó tó ṣubú.