Bí A Ṣe Ń Sọ Igi Tuntun Di Ogbó fún Àwòṣe Ilé Àtijọ́

Ọ̀pọ̀ nínú yín, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́, ni ó rántí ilé amọ̀ onílẹ̀kùn pákó tí ẹ ti kàwé. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò rí i rí. Bí a bá fẹ́ fi àwòṣe kékeré hàn wọ́n, pákó tuntun kò lè jẹ́rìí òtítọ́ nípa rẹ̀.

Oòrùn ni ó ń ba èròjà tí ó so fọ́nrán igi pọ̀ jẹ́; òjò a ṣàn án lọ, ìyókù a sì di aláwọ̀ eérú. Ìdí nìyí tí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, níbi tí òjò ń ta sí, fi máa ń gbó ju òkè rẹ̀ tí òrùlé ṣíji bò. Ẹni tí ó bá fi àwọ̀ kan ṣoṣo kun gbogbo rẹ̀, ilé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ́dà ni ó ṣe.

Arère ni mo yàn láàyò: ó fúyẹ́, ó sì rọ̀ fún ọ̀bẹ. Ẹ fi ọṣẹ fọ òróró ara kànrìnkàn onírin kúrò, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú fínígà, èyí tí Bíbélì wa ń pè ní ọtí kíkan, fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ẹ má ṣe dé ìgò náà pinpin, nítorí afẹ́fẹ́ tí ń jáde níbẹ̀ lè fọ́ ọ. Ṣùgbọ́n arère kò ní púpọ̀ nínú èròjà tí ń fún ẹnu pọ̀, irú èyí tí ó wà nínú obì àti tíì. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi tíì tí ó ki kùn ún. Bí ó bá gbẹ, kí ẹ wá fi omi irin náà kàn án. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa ṣú. (Irú àdàlù yìí ni àwọn òyìnbó fi ṣe tàdáwà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún.) Ẹ dán an wò lára àjákù pákó ná.

Ìwọ̀n ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kùnà. Bí ilé oní-mítà 15 bá di sẹ̀ǹtímítà 30, a ti pín in sí ọ̀nà 50. Ìlà mìlímítà 1 tí búrọ́ọ̀ṣì onírin bá fà sára pákó dọ́gba pẹ̀lú sẹ̀ǹtímítà 5 lára ilé gidi; ọwọ́ ọmọdé yóò wọ ibẹ̀! Kí ìlà náà tín-ín-rín bí irun. Justus Akéredolú ará Ọ̀wọ̀, tí ó ń gbẹ́ ẹ̀gún igi di ère kéékèèké ní àwọn ọdún 1930, fi àwọ̀ àdámọ́ ẹ̀gún náà ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìkùn ún.

Erùpẹ̀ pupa Ìjù tí a kù dáadáa ni kí ẹ fi parí ìsàlẹ̀ ògiri.

Àwọn kan ń fi èéfín àti ẹrẹ̀ sọ ère tuntun di ogbó, kí wọ́n lè tà á fún àlejò bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Kí tiwa má baà di ẹ̀tàn lọ́wọ́ ẹni tí yóò bá a lọ́jọ́ iwájú, ẹ fi tàdáwà kọ orúkọ igi náà àti ọdún tí ẹ ṣe é sí abẹ́ àwòṣe náà.