Lékèélékèé dé, alápàáǹdẹ̀dẹ̀ dé, igún dà?

Bí ọyẹ́ bá ti mú ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ọmọ ilé kéú á bẹ̀rẹ̀ sí í na èékánná sí lékèélékèé, pé kó fún àwọn ní funfun. Wọn kì í béèrè ibi tó wà nígbà òjò. Òkè Ọya ló lọ. Ibẹ̀ ló ti ń yé, tó ń pamọ, nígbà tí òjò bá mú koríko hù níbẹ̀. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, á padà wá máa tẹ̀ lé màlúù wa, nítorí ibi tí ẹran bá ti ń tẹ koríko ni tata ti ń fò jáde.

Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kan wà tí ìrìn tirẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yúróòpù ni wọ́n ti ń pa á. Bí òtútù ibẹ̀ bá lé kòkòrò lọ, á fò kọjá òkun àti aṣálẹ̀ Sàhárà wá sọ́dọ̀ wa. Ara rẹ̀ kò wúwo ju nǹkan bí 20 gíráàmù lọ. Ọyẹ́ tí àwa ń gbọ̀n fún, ooru ni lójú tirẹ̀! Ẹni tó bá ti wo ẹyẹ yìí dáadáa lófuurufú, kó wá ka Súúrátul-Mulk, āyah 19.

Old Oyo National Park, tó di ọgbà ìjọba àpapọ̀ ní 1991, ní odò Ògùn nínú. Ìlú Ọ̀yọ́ ni olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ kí ẹ tó wọlé. Etí odò tó súnmọ́ yín náà tó. Ẹ lọ lẹ́yìn ìrun àsùbá, ẹ jókòó jẹ́ẹ́, kí ọmọ máa kọ orúkọ ẹyẹ, iye rẹ̀ àti ọjọ́ sínú ìwé. Èyí tó bá mú rọ́bà tí wọ́n fi ń sọ òkò lu ẹyẹ dání, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ lè má rí igún. Ní kékeré mi, orí páànù odó ẹran ni wọ́n ń tò sí. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ báyìí, inú òwe nìkan ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ní 2015, àjọ IUCN ka igún kékeré ilẹ̀ wa mọ́ àwọn ẹ̀dá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ parun. Májèlé wà nínú ohun tó ń pa á, ìsọ̀ lékúlẹ́jà náà sì wà níbẹ̀: orí rẹ̀ ni wọ́n ń wá fún àwúre. Ẹ má rò pé oníṣègùn nìkan ni. Àwọn kan tó ń wé láwàní bíi tèmi náà ń rán èèyàn lọ rà á. Òkú ẹran tí igún ì bá jẹ tán kó tó rà, ajá ló ń wọ́ ọ kiri àdúgbò báyìí.