Ẹ̀kọ́ Ẹni tí ń Tọ́jú Ará Oko

Bí ọmọ ọdún kan bá bẹ̀rẹ̀ ìgbẹ́ gbuuru lálẹ́ ní abà kan lẹ́yìn Igbó-Ọrà, tí ojú rẹ̀ sì ti jìn wọ inú kí ilẹ̀ tó mọ́, dókítà kọ́ ni ìyá rẹ̀ yóò kọ́kọ́ rí. Ìlú ni dókítà wà, ọ̀nà abà kì í sì í gba ọkọ̀ nígbà òjò. Ẹni tí ó ṣeé ṣe kí ó bá pàdé ni ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ó gbé àpò kọ́ èjìká, tí gbogbo abúlé ń pè ní Nọ́ọ̀sì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Òṣìṣẹ́ ìlera agbègbè ni. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ ni yóò pinnu bóyá ọmọ náà yóò rí ọjọ́ kejì. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí àwọn òbí tí ń wá iṣẹ́ fún ọmọ wọn, àti àwọn tí yóò gbé ara wọn lé irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, mọ bí ẹ̀kọ́ náà ti rí.

Èrò pé ẹni tí kì í ṣe dókítà lè ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí kò ṣàdédé wáyé. Láàrin ọdún 1956 sí 1961, Dókítà David Morley ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ó sì ṣètò ìtọ́jú fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn olùrànlọ́wọ́ tí wọ́n kọ́ níbẹ̀ ni ó ń rí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà. Wọ́n ń wọn ọmọ, wọ́n sì ń fi àmì ìwọ̀n rẹ̀ sí orí káàdì kan. Káàdì náà kì í gbé ilé ìwòsàn. Ọwọ́ ìyá ọmọ ni ó ń wà. Ìyá tí kò mọ ìwé rárá sì lè rí i pé ìlà ọmọ òun kò gòkè mọ́. Ní ọdún 1963, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀ ní Ìbàràpá, wọ́n sì ń kó àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ dókítà lọ gbé ní Igbó-Ọrà kí wọ́n lè mọ àìsàn níbi tí ó ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà gbé ètò ìlera alábọ́dé kalẹ̀ ní ọdún 1975, ìpàdé àgbáyé ti Alma-Ata sì fi ọwọ́ sí irú èrò bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1978. Ṣùgbọ́n ìgbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti di mínísítà ètò ìlera ní ọdún 1985 ni ọ̀rọ̀ náà tó rí ẹni tí yóò tì í lẹ́yìn gidigidi. Oníṣègùn àwọn ọmọdé ni. Ìlànà ètò ìlera ti ọdún 1988 jáde ní àkókò rẹ̀, òfin kọkànlélọ́gọ́ta ti ọdún 1992 sì dá ìgbìmọ̀ tí ń fi orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí sílẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni ènìyàn lè gbà wọlé. Ọdún méjì ni ẹ̀kọ́ ti òṣìṣẹ́ kékeré, tí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù ní ilé àwọn ènìyàn. Ọdún mẹ́ta ni ti àgbà rẹ̀, tí ó tún ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìlera, tí ó sì ń bójú tó ti kékeré. Irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ wà ní Eléyẹlé ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn wolé-wolé láti ìgbà àtijọ́; ó wà ní Iléṣà, ó sì wà ní Àkúrẹ́.

Àwọn tí kò mọ̀ ń rò pé abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Wọ́n ń kọ́ ọ lóòótọ́, pẹ̀lú ìtọ́jú aboyún àti bí oògùn àjẹsára kò ṣe gbọdọ̀ kúrò nínú òtútù tí ó tó ìwọ̀n 2 sí 8 lórí ẹ̀rọ Celsius. Ṣùgbọ́n ohun tí ó le jù nínú ẹ̀kọ́ náà ni bí ènìyàn ṣe ń wọ ìlú onílùú. Wọ́n a mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí abúlé. Wọn kò gbọdọ̀ wọ ilé kankan kí wọ́n tó kí Baálẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò ka ilé, tí wọn yóò ya àwòrán abúlé, tí wọn yóò fi àmì sí ibi tí kànga wà àti ibi tí àwọn ènìyàn ń ṣe ìgbẹ́ sí, tí wọn yóò sì béèrè iye ọmọ tí a bí àti iye tí ó kú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó rí i pé kànga wà ní ìsàlẹ̀ ibi ìgbẹ́ ti mọ ìdí tí àrùn kò fi lọ ní agboolé náà, bí kò tilẹ̀ tíì fi ọwọ́ kan aláìsàn kan.

Nígbà tí ó bá wá di ti aláìsàn, ìwé kan wà tí ó gbọdọ̀ máa gbé káàkiri. Inú rẹ̀ ni a ti kọ ọ́ sílẹ̀, àmì kan lẹ́yìn èkejì, ohun tí ó lè ṣe àti ibi tí agbára rẹ̀ dé. Bí ọmọ bá ń wúkọ́, ó gbọdọ̀ wo àyà rẹ̀ pẹ̀lú aago ní ọwọ́ fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Bí ọmọ oṣù méjì sí ọdún kan bá mí tó ìgbà 50, tàbí tí ọmọ ọdún kan sí márùn-ún mí tó ìgbà 40, òtútù àyà ni yóò kà á sí. Bí ọmọ náà kò bá lè mu ọmú, tí gìrì mú un, tàbí tí ó ń sùn tí kò ṣeé jí, òṣìṣẹ́ kò ní ẹ̀tọ́ láti dá a dúró: kí ó fún un ní oògùn àkọ́kọ́, kí ó sì rán an lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ti ìgbẹ́ gbuuru a máa dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ju ti ikọ́ lọ, nítorí pé ìyá àgbà sábà máa ń wà níbẹ̀.

“Ẹ má fún un lómi mọ́,” ni ìyá àgbà yóò wí. “Omi tí ó ń mu náà ni ó ń yà jáde.”

Òṣìṣẹ́ tí a kọ́ dáradára kì í jà. Yóò kúnlẹ̀. “Ìyá àgbà, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Òótọ́ ni, omi ni ó ń jáde. Èyí tí ó ti bá ìgbẹ́ lọ ni a fẹ́ dá padà sí i lára. Ẹ wo ẹnu rẹ̀ bí ó ti gbẹ.” Bí kò bá sí oògùn oníyọ̀ inú ọ̀rá, yóò wá omi sísè tí ó ti tutù, lítà kan, ṣúgà ṣíbí kékeré mẹ́fà tí kò ga ju ẹnu ṣíbí lọ, àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí náà. Kì í ṣe òun ni yóò pò ó. Ìyá ọmọ ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ pò ó níṣojú rẹ̀, nítorí pé iyọ̀ tí ó bá pọ̀ jù lè pa ọmọ. Oògùn zinc yóò tẹ̀lé e fún ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń bínú sí gbogbo ètò yìí. Wọ́n ní ẹ̀tàn ni, pé olówó ìlú ń rí dókítà, a sì ń fi òṣìṣẹ́ ọdún méjì tan ará oko jẹ. Ìbéèrè náà kò ṣe é gbá sẹ́yìn, nítorí pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Níbi tí kò bá sí ilé ìwòsàn tí a lè rán aláìsàn lọ, tàbí tí kò sí ọkọ̀ tí yóò gbé e, ẹ̀tàn ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tí ń pa ọmọdé ní oko kò ní kí ènìyàn kàwé ọdún mẹ́fà kí ó tó lè dá a dúró. Ó ní kí ẹnìkan wà nítòsí ní alẹ́ ọjọ́ kìíní ni.

Ewu tí ó tóbi jù wà ní ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ tí ó ti gbàgbé ibi tí ìwé rẹ̀ parí sí. Abúlé ń pè é ní Dókítà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹ́ ẹ; ó ṣí ṣọ́ọ̀bù oògùn, ó ń fi omi kọ́ fún gbogbo ẹni tí ó rẹ̀. Owó oṣù tí ó ń pẹ́ kí ó tó dé wà lára ohun tí ń sún àwọn kan dé ibẹ̀. Òfin ètò ìlera ti ọdún 2014 ya owó sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú alábọ́dé, ṣùgbọ́n láti orí ìwé dé abà, ọ̀nà jìn.

Òbí tí ó bá fẹ́ fi ọmọ sí ẹ̀kọ́ yìí, kí ó kọ́kọ́ béèrè lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ náà bóyá wọ́n mọ ilé ẹ̀kọ́ tí ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó sì bi ọmọ náà bóyá ó lè gbé níbi tí kò ti sí iná.