Iná Lọ Nílé Wa ní Sachse, A Kò Tilẹ̀ Mọ̀

Bí iná bá lọ ní Èkó, kò sẹ́ni tí kò ní mọ̀. Fáànù á rọra dúró, ẹnìkan á pòṣé, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò á sì bẹ̀rẹ̀ ariwo. Nílé wa ní Sachse, lẹ́bàá Dallas, iná ìlú lọ lálẹ́ ọjọ́ kan tí ìjì ń jà, a kò mọ̀. Bátìrì ara ògiri gáréèjì ti gba iṣẹ́ náà kí gílóòbù kankan tó ṣẹ́jú. AC ń ṣiṣẹ́, ẹran wà nínú ófùnù, ẹ̀rọ ń fọṣọ. Nígbà tó di aago méjì òru, ilé ṣókùnkùn. Fíríìjì tí insulin Màmá Àgbà wà nínú rẹ̀ náà dákẹ́. A gbé insulin náà lọ sílé ọ̀rẹ́ ní Garland lóru yẹn.

Bátìrì tó gba 13.5 kWh kò lè gbé AC tó ń jẹ 4 kW ju wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀ lọ. Bí a bá ti mọ̀ ni, à bá ti pa á.

Ní Texas, iná lè lọ kó má tètè dé. Lóru ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 2021, nínú òtútù ńlá yẹn, ERCOT, àjọ tó ń bójú tó iná Texas, pàṣẹ pé kí wọ́n pa iná ọ̀pọ̀ àdúgbò. Ilé àti ṣọ́ọ̀bù tó wà lókùnkùn ju mílíọ̀nù 4 lọ. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ka òkú 246. ERCOT sọ lẹ́yìn náà pé ó ku ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú-àáyá 37 kí gbogbo rẹ̀ tó dà wó.

Bàbá wa ló rántí ọgbọ́n Èkó. Àwọn tó ní jẹnẹrétọ̀ níbẹ̀ máa ń so gílóòbù kékeré mọ́ wáyà NEPA kí wáyà náà tó dé change-over. Bó bá tàn, iná ti dé nìyẹn. (Láti 2005 ni NEPA ti yí orúkọ padà, ṣùgbọ́n ta ló ń pè é ní nǹkan mìíràn?)

A ki smart plug kan bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì gáréèjì tí bátìrì kì í fún níná. Bí iná ìlú bá lọ, plug náà á kú. Kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ilé àti router wà lábẹ́ bátìrì ní tiwọn, wọ́n á sì rí i pé plug ti dákẹ́. Wi-Fi ló kọ́kọ́ dà wá láàmú: bó bá ti já, ilé á pariwo lásán. A wá ní kó dúró fún ìṣẹ́jú kan, kó sì bi bátìrì fúnra rẹ̀ bóyá iná ìlú ṣì ń wọlé, kó tó ké sí wa, kó sì pa AC.

Ohùn Màmá Àgbà la gbà sínú rẹ̀: “Wọ́n ti mú iná lọ o! Ẹ pa ófùnù!” Bí iná bá dé, òun náà ló ń kígbe “Up NEPA!”